Ojú Tí Wọ́n Ń Pàtẹ́wọ́ Fún

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ nǹkan mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó tì mí kó máa retí pé ọ̀rọ̀ náà yóò padà dùn níkẹyìn. Kò dùn. Ibi tí ẹ bá ti rí ẹ̀rín níbẹ̀, ẹ rín in, torí èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Irun ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù náà gùn, kò fẹ̀. Dígí wà lára ògiri lápá kan, àga àwọn oníbàrà wà níwájú wọn, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sì wà lókè lápá ẹ̀yìn, èyí tí mo rà kí àwọn tí irun wọn ń pẹ́ má baà máa pòṣé sí mi lórí. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè tí n kì í ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi fún òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ bo dígí, wọ́n ní kí àwòrán má baà di méjì. Wọ́n á ti fèrèsé. Wọ́n á wá jókòó sábẹ́ dírayà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n á máa wo fíìmù.

Ẹ má rò pé irú fíìmù tí èmi àti ẹ̀yin ń wò ni o. Èmi, bí wọ́n bá ti mú olè, tí ìyàwó sì padà sílé ọkọ, mo ti yó. Fíìmù tiwọn kì í ní olè. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé inú omi nìkan la ti ń rí òjìji àwọn èèyàn, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ báyìí, gbogbo ẹbí á fọ́ yángá. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun gbogbo igi inú igbó, tí ìyá arúgbó kan wá ń wá ewúrẹ́ pupa kiri inú rẹ̀. Kò rí i. Fíìmù parí. Mo bi wọ́n pé ewúrẹ́ náà ńkọ́, wọ́n wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú oúnjẹ àjọjẹ.

Mẹ́rin péré ni wọ́n. Tíṣà ni olórí wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì, àwòrán yíyà ló sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Onífọ́tò ló ń wá àwọn fíìmù náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ti ń rí wọn. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ó ní ìdí tí òun fi ń wá ni pé ojú òun ń fẹ́ rí ohun tí kì í ṣe egbò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣìkẹrin wọn. Pẹ́ńtà ni, ilé ló ń kùn. Géètì ló lọ kùn fún Tíṣà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ dà wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe mú un wọ ẹgbẹ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Nígbà tí àwọn òbí wa kú, òun ló jáde nílé ìwé tó gbé búrọ́ọ̀ṣì kí èmi má baà jáde. Òun ló ń di irun mi kí n tó mọ̀ ọ́n dì. Ó máa ń wọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n kì í sì í jẹ́ kó mọ̀. Láti ọdún tó ti ń kun ògiri fún àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó béèrè èrò rẹ̀ lórí ohunkóhun rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń bi í ni pé, ìgbà wo ló máa gbẹ?

Ẹgbẹ́ wọn ní òfin kan, Tíṣà ló ṣe é. Bí fíìmù bá parí, wọ́n á tan iná, oníkálùkù á wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù kò kàn wọ́n, ohun tí ojú rí ni. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ohun tó rí yẹn kò sí níbẹ̀. "Ojú kì í jiyàn," Tíṣà á wí, á sì na ìka sókè bíi pé kíláàsì ló wà. Òfin náà dùn létí. Òfin náà ló fọ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìtìjú kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tó bá kàn án, á ní, "Ó dáa o," á sì tẹ orí ba. Lọ́jọ́ kan, Onífọ́tò gbé fíìmù kan wá, ti ibùdókọ̀ ojú irin kan tí kò sí ọkọ̀ tó ń dé síbẹ̀. Àwọn èèyàn kàn dúró lábẹ́ iná, wọ́n ń dúró, wọ́n ń dúró. Èmi ń gbálẹ̀ lápá iwájú, oorun ń kùn mí. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó rọra ní, "Iná yẹn ló wù mí. Òṣùmàrè tí wọ́n fi yí i ká yẹn."

"Òṣùmàrè kẹ̀?" Onífọ́tò bi í.

"Ó yí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ká. Gbogbo wọn pátá. Bí ẹni pé iná yẹn wé gèlè."

Tíṣà dìde dúró. "Ẹ gbọ́ ohun tí pẹ́ńtà rí! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni ní àwòrán, n ò rí i. Iná wé gèlè! Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ò múra, iná ló bá wọn múra!" Ó pàtẹ́wọ́. Àwọn méjì tó kù náà bá a pa á. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ wọn bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ó ń retí kẹ́ni náà jáde.

Bí a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, orí ẹ̀gbọ́n mi wú. Ó ní, "Kékeré, ṣé o gbọ́ ohun tí Tíṣà wí?" Mo ní mo gbọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?" Inú mi dùn sí i. Mo bú Tíṣà díẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, ahọ́n rẹ̀ tú. Bí wọ́n bá wo fíìmù ìyàwó tó jókòó nínú ilé òfìfo, ẹ̀gbọ́n mi á ní ẹni tó ya fíìmù náà jẹ́ kí òkùnkùn jókòó sí gbogbo etí rẹ̀, ó wá fi ìyàwó sáàárín, kí àwa tí à ń wò ó lè mọ̀ pé à ń yọjú wo ohun tí kò kàn wá. Bí wọ́n bá wo ti àwọn ẹyẹ tó bo ojú ọ̀run, á ní ẹyẹ tí a kò rí ló pọ̀ jù. Onífọ́tò ní òun á tún fíìmù náà wò nílé torí ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pè é báyìí. "Ẹ jẹ́ ká fi Ojú-Àwòdì kẹ́yìn," Tíṣà á wí, "tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, tiwa ò ní tà mọ́."

Nílé ńkọ́? Nílé, Ojú-Àwòdì ń fi apá gba ife dànù lórí tábìlì. Ó ń fi èjìká sọlẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò ń kí i láti ẹ̀gbẹ́, kò dáhùn, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbéra ga, pé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó wọ̀ ti ń gùn ún. Mo bá ẹnì kan jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé inú ilé, mo na ife omi sí i láti ọwọ́ òsì, ó kàn ń wo iwájú, ó ní, "Omi tí mo ní kó o bù wá ńkọ́?"

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ojú yín ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù, kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó mọ ìran wò ti sọ pé kò sí irú ojú òun ládùúgbò yìí, èmi onídìrí wá ní ó ń ṣàìsàn. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ti la òun lójú, kí n jọ̀wọ́ má ṣe bá òun pa á dé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tíṣà ní kó wá bá òun kun pálọ̀. Búlúù tó jin ni wọ́n mú, wọ́n fẹ́ fi bo funfun àtijọ́. Ó kùn ún tán, Tíṣà sì ránṣẹ́ pe gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó. Èmi náà bá wọn lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ náà, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọlé. Àárín ògiri búlúù, ó dán, ó dọ́gba, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo etí rẹ̀ funfun. Lókè níbi àjà, nísàlẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, búrọ́ọ̀ṣì ò débẹ̀. Ibì kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ibì kan fẹ̀ tó apá.

Onílé mìíràn ì bá fi igbe bọnu. Tíṣà gbá ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra. "Ó fi férémù sí i! Ẹ wò ó, ó sọ ògiri mi di ojú fíìmù! Bí mo bá jókòó síbí, mo ti wà nínú fíìmù nìyẹn!" Onífọ́tò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síta, ó ń ya ògiri. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní òun náà á pè é wá kun yàrá òun, ṣùgbọ́n kó fi funfun tòun mọ níwọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èmi, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò. Nígbà tí Tíṣà sọ férémù, ó yí orí sí igun ògiri, ó yí i gan-an, ó wá rìn lọ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á. Ó fi ìka tọ funfun náà lọ títí dé ibi tí búlúù ti bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó wá yíjú sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá ní, "Kékeré. Mo kùn ún dé igun."

Ó rìn díẹ̀ sí i.

"Mo kùn ún dé igun. Mo mọ̀ pé mo kùn ún débẹ̀."

Mo ní ilẹ̀ tó bá mọ́ báyìí, ọsibítù ni. Mo ní mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ní màá wọ́ ọ lọ. Ó dúró lójú títì, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ká sọ pé a lọ, tí wọ́n ní àìsàn ni. Gbogbo ohun tí mo ti rí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí, kí ni wọ́n á wá jẹ́?" Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Kò lọ. Agbára mi ò ká a. Àgbàlagbà ni, òun ló tọ́ mi. Ìyáàfin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé pè é síṣẹ́, ó kùn ún bó ṣe kun ti Tíṣà, ìyáàfin náà sì lé e jáde pẹ̀lú èébú tí ajá ò lè lá. Ó padà lọ tún un kùn, ó tún rí bákan náà. Ó sọ fún mi pé obìnrin náà ò lójú. Àwọn tó ń pè é síṣẹ́ wá ń dín kù, ó sì túbọ̀ ń jókòó ti àwọn mẹ́ta yẹn, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé ibì kan kù tí kò kùn.

Mo bá dìde fún wọn. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, kí wọ́n tó pa iná, mo lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ní, "Ẹ forí jì mí o. Ẹ̀gbọ́n mi ò ríran dáadáa. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í rí i. Ẹ̀yin lẹ lè bá mi sọ fún un, ó ń gbọ́ tiyín."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. "Onídìrí, ìwọ lò ò ríran. Ẹni tó bá ń wo ẹ̀gbẹ́ kì í rí àárín."

Mo yíjú sí Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ńkọ́? Iṣẹ́ yín ni."

Ó na ẹsẹ̀ lórí àga mi. "Àbúrò, Sọ́ńdè lónìí. Jẹ́ kí n sinmi aláìsàn."

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá mi lóhùn. Kò wò mí, ó ní, "Lọ síta." Kò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí láti kékeré. Mo jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tí mo fi owó ara mi gbà, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ nínú ilé. Wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó wá fi ata sẹ́nu. Mo rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lójú ara mi.

Oṣù ń gorí oṣù. Mo rí i pé ó ti ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀. Mo rí i pé ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹlòmíràn á fi kọjá, á wá tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Tí mo bá sọ ọ́, ìjà ni. Mo wá dín sísọ rẹ̀ kù, torí ìgbàkígbà tí mo bá sọ ọ́, kì í jẹun nílé.

Fíìmù iyọ̀ ló tú àṣírí. Onífọ́tò gbé e wá, ó ti yá Àǹtí Nọ́ọ̀sì kó wò ó nílé ṣáájú, kó lè sọ fún un bóyá fíìmù náà tó gbé wá. Pápá iyọ̀ ni, iyọ̀ tó lọ títí tó fi kan ọ̀run. Ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun, ó ń fa ẹṣin funfun. Kò sí igi, kò sí ilé, kò tilẹ̀ sí òjìji. Ìmọ́lẹ̀ fíìmù náà pọ̀ débi pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ rekete, mo ń rí irun tí mo gbàgbé láti gbá lábẹ́ àga. Èmi náà dúró wò ó. Mo ní kí n má parọ́, ó rẹwà.

Ó kan ẹ̀gbọ́n mi. Ó fara balẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Òkùnkùn yẹn ló pa mí. Bó ṣe yí iyọ̀ náà ká. Bí ẹni tó wà nínú kànga tó ń wo òkè. Ọkùnrin yẹn rò pé òun wà ní gbangba, kò mọ̀ pé inú kànga lòun wà."

Tíṣà lu itan. "Kànga! Kò mọ̀ pé inú kànga lòun wà!" Onífọ́tò ń pàtẹ́wọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra, ó wà lófuurufú, kò bá èkejì pàdé. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá rọra ní, "Òkùnkùn wo?"

"Ojú kì í jiyàn," Tíṣà ní.

"Ẹ dákẹ́ ná, Tíṣà." Ó dìde. N ò rí ojú tó ní lásìkò yẹn rí, ojú ibi iṣẹ́ ni. Ó mú òòyà pupa kan lórí tábìlì mi, ó fa àga, ó jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi, eékún kan eékún. "Ẹ bá mi fi ọwọ́ bo ojú òsì yín. Ẹ wo imú mi. Ẹ má wo ibòmíràn. Tí ẹ bá ti rí òòyà yìí, ẹ sọ fún mi."

Ó na apá sí ẹ̀gbẹ́ jìnnà, ó wá ń gbé òòyà náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Ó dé ọ̀gangan etí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ó dé ọ̀gangan ẹ̀bátí rẹ̀, ó dákẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí eré bẹ̀rẹ̀. Òòyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú Àǹtí Nọ́ọ̀sì kó tó ní, "Ó wà níbẹ̀ yẹn."

Wọ́n ṣe ojú kejì. Ti ìyẹn burú jù. Òòyà dé iwájú imú Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó kọjá, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń dúró dè é.

Fíìmù ti parí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì pa tẹlifíṣọ̀n, funfun rẹ̀ sì wà lára gbogbo wa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé òòyà mi sílẹ̀. Ó ní, "Olúwa mi o," kò sì lè gbé orí sókè.

Ní ọsibítù, gbogbo wọn tẹ̀ lé wa lọ. Dókítà náà ò dàgbà, ó sì ṣe sùúrù fún wa. Ó ní agbára omi inú ojú ló ga jù, òun ló ti ń tẹ iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ pa, láti etí ìran bọ̀ wá sí àárín. Ó ní àìsàn náà kì í dunni, ìdí nìyẹn tó fi ń jalè lójú èèyàn. Ojú òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ku ihò kékeré kan. Oògùn tí wọ́n máa kán sí i lè dá ihò náà dúró, ó sì lè má dá a dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó ti kú, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ì bá dáa ká ní ẹ tètè wá," ó wí. "Ó máa ń fún èèyàn ní àmì. Iná á máa yọ òṣùmàrè lójú ẹni. Etí nǹkan á máa dúdú. Kò sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dáhùn. "Ó sọ ọ́ fún wa."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A pàtẹ́wọ́ fún un."

Dókítà náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rò pé kò gbọ́ dáadáa. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, ó ní fíìmù ni, ó ní ẹgbẹ́ ni àwọn, ó ní nínú irú fíìmù tí àwọn ń wò, èèyàn ò lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ kiri títí ó fi bá a léjìká, ó fọwọ́ lù ú pẹ̀lẹ́, bíi pé Tíṣà ni wọ́n sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀.

Mo fẹ́ kó bú wọn. Mo ti to èébú náà sílẹ̀ fún un, ó tó mẹ́ta, ó yẹ oníkálùkù. Kò bú wọn.

N ò gbà wọ́n láàyè ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo ṣí aṣọ lójú dígí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń wá kán oògùn fún un nílé, mo ń jẹ́ kó wọlé, n kì í fún un ní àga. Onífọ́tò ò yọjú mọ́. Tíṣà wá lẹ́ẹ̀kan. Ó ti rù. Ó jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn wa bí ẹni tó wá ṣagbe, ó ní òun wá tọrọ àforíjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí nǹkan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin nìkan lẹ pè mí ní ọlọ́gbọ́n rí." Tíṣà bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó sunkún tán. Ó wá ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí, èwo ló jẹ́ tèmi, èwo ló jẹ́ ti àìsàn?"

Tíṣà la ẹnu. Mo dúró nídìí ààrò, mo ń wò ó, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó parọ́. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n mo bẹ Ọlọ́run pé kó ti irọ́ gidi kan sí i lẹ́nu. Ó ní, "Mi ò mọ̀, Pẹ́ńtà." Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní òun náà ò mọ̀. Ó ní kí n sin Tíṣà sọ́nà, àtẹ̀gùn wa ò dáa.

Oògùn náà ò dá a dúró. Ó mú kó falẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni gbogbo ohun tó ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi jí, ó jókòó lórí ibùsùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń yí orí sọ́tùn-ún, sósì. Ó wá pè mí. Ó ní kí n gbé àpótí síbi tí oòrùn ti ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà, kí n jókòó sórí rẹ̀.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Jókòó kí n wò ọ́. Mi ò mọ bó ṣe máa rí lọ́la."

Mo jókòó. Ó fi ọwọ́ wá àgbọ̀n mi, ó dì í mú, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ mi. Kò lè rí mi tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wò mí díẹ̀díẹ̀, láti òkè, bó ṣe máa ń kun ògiri, ibi kan tán kó tó lọ sí ibi kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn ọ̀dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti kun nǹkan.

"Ewú ti wà lórí ẹ," ó ní.

"Ó ti pẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Mi ò rí i."

Ó wo iwájú orí mi. Ó wo ojú mi kan, ó pẹ́ níbẹ̀, ó kọjá sórí imú, ó wo èkejì. Mo ń gbìyànjú kí n má mira. Ó ní, "Ṣé ò ń sunkún ni?"

"Rárá o. Kí ni mo fẹ́ sunkún sí?"

Ojú rẹ̀ kò tíì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo tètè nù ún kó tó débẹ̀.